Ilé Ẹyẹlé Tí Mo Fi Pákó Bàbá Àgbà Kàn

Mo rántí ìgbà tí ẹyẹlé méjì kọ́kọ́ wá bà sórí páànù ilé bàbá mi àgbà ní Ifọ. Ọdún tí àrùn kòrónà dé ni, tí ìjọba ní kí onílé gbélé, tí ọjà tì, tí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì tì, tí ẹ̀bá ọ̀nà rélùwéè tó máa ń kún fún èrò wá dá wáí. Ìyá mi ló rán mi wá láti Mowe ní ọjọ́ méjì kí wọ́n tó ti ọ̀nà. Wọ́n ní bàbá bàbá mi kò lè dá gbé irú àkókò bẹ́ẹ̀, pé àgbàlagbà tí etí wọn kò gbọ́ràn mọ́ kò ní mọ ìgbà tí wọ́n bá ń kéde pé kí ẹnikẹ́ni má jáde. Bàbá tó bí mi ti kú láti ìgbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, nítorí náà èmi ni ọmọkùnrin tó kù tí wọ́n lè rán. Mo di ẹrù mi, mo lọ. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ni n ó lò níbẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí ní pólì nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́, mo sì gbà pé kò sí ohun tí wọ́n ń fi igi tàbí búlọ́ọ̀kù ṣe tí mi ò mọ̀. Ká sòótọ́, mi ò tíì kan ìṣó mẹ́wàá tó dúró ṣánṣán rí láyé mi. Inú ìwé ni mo ti ń kọ́lé. Bàbá àgbà ní tiwọn, ó lé ní ogójì ọdún tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ nílé ìlagi, tí gbogbo wa ń pè ní sọ́ọ̀mìlì. Ẹ̀rọ ìlagi yẹn ló jẹ etí wọn díẹ̀díẹ̀, títí ó fi jẹ́ pé bí o kò bá pariwo sí wọn létí ọ̀tún, àfi kí o fọwọ́ júwe. Àwọn àgbà a máa sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Èmi tí mo wọ aṣọ tuntun, mi ò tilẹ̀ bojú wo àkísà ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni àwọn ẹyẹlé náà dé. Ọ̀kan funfun, ọ̀kan ní àwọ̀ eérú. A kò mọ ibi tí wọ́n ti wá. Bóyá ẹni tó ń sìn wọ́n ni kò rí oúnjẹ fún wọn mọ́ nígbà tí gbogbo nǹkan wọ́n gógó. Bàbá bu ọkà bàbà sílẹ̀ níwájú ilé, wọ́n gbé àga jókòó tì í, wọ́n ń wò bí àwọn ẹyẹ náà ṣe ń ṣà á. Inú wọn dùn bí ẹni tí àlejò pàtàkì yà kí. Wọ́n ní, "Ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá yẹrí lọ́jọ́ ikú. Ẹyẹ tó bá fúnra rẹ̀ wọlé ẹni, a kì í lé e." Ṣùgbọ́n òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lọ́sẹ̀ náà. Àwọn ẹyẹlé ká jọ sórí páànù, omi ń ro lára wọn, Bàbá sì dúró lójú fèrèsé, wọ́n ń pòṣé. "Wọ́n á lọ," ni wọ́n ń sọ. "Ẹni tí kò bá rílé gbé, á lọ ni." Ibẹ̀ ni mo ti pinnu pé n ó kan ilé fún ẹyẹlé Bàbá, n kò sì ní sọ fún wọn. Ojú wọn ni mo fẹ́ rí nígbà tí wọ́n bá rí i.

Kò sí ibi tí èèyàn ti lè ra pákó. Sọ́ọ̀mìlì tì, àwọn tó ń ta pákó lẹ́bàá ọ̀nà ti kó tiwọn wọlé. Mo wá gbogbo ẹ̀yìnkùlé, n kò rí ju igi ìdáná àti ẹsẹ̀ tábìlì kan tí ìkán ti jẹ. Ní ọjọ́ kẹta, mo gun àga, mo yọjú sórí àjà yàrá ìdáná àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò dáná nínú rẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹní kan tí wọ́n ká, tí wọ́n fi okùn dì níbi mẹ́ta. Mo tú u. Pákó méje ló wà nínú rẹ̀, ìrókò gidi, wọ́n gùn bákan náà, wọ́n fẹ̀ bákan náà, ẹni tó fá ojú wọn sì ti fá a títí ó fi ń dán. Kò sí eruku lára wọn. Ó hàn pé ẹnìkan ṣì máa ń gòkè wá nù wọ́n, nínú ilé tí kò sí ẹlòmíràn ju arúgbó kan ṣoṣo lọ. Ó yẹ kí èyí nìkan ti mú mi dúró ronú. Ohun tí mo sọ lọ́kàn mi ni pé Ọlọ́run ti bá mi wọn pákó sílẹ̀, iṣẹ́ ti dín kù.

Fóònù ni ọ̀gá tó kọ́ mi. Mo rí fídíò òyìnbó kan tó ń kan ilé ẹyẹ sẹ́yìn ilé rẹ̀: àpótí kékeré, òrùlé tó dà sí ọ̀tún àti òsì, ihò róbótó kan ṣoṣo níwájú, àti igi tín-ín-rín lábẹ́ ihò náà tí ẹyẹ á bà lé. Mo kọ gbogbo ìwọ̀n tó pè sínú ìwé. Mo yọ ayùn Bàbá lábẹ́ ibùsùn wọn, ó sì ṣì mú bí ìgbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìrun Àílà, Bàbá a máa sùn títí di Àlàásárì, wọn kì í sì í gbọ́ ariwo, nítorí náà àkókò yẹn ni mo fi ń rẹ́ pákó fún ọjọ́ mẹ́rin, tí mò ń súfèé. Bí mo bá gé èyí tí kò dọ́gba, mo tún mú òmíràn. Nígbà tí n ó fi kan àpótí náà tán, kò sí ọ̀kan nínú méjèèje tó kù ní odindi. Àwọn àjákù ni mo kó jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Àpótí náà tẹ̀ sí ọ̀tún díẹ̀, ìṣó sì yọ imú síta níbi mélòó kan, ṣùgbọ́n mo fà sẹ́yìn, mo wò ó, mo gbà pé kò sí káfíńtà tó lè ṣe irú rẹ̀ ní gbogbo Ifọ.

Nígbà tí Bàbá kírun Àlàásárì tán, mo gbé e síwájú wọn.

"Kí lèyí?" ni wọ́n bi mí.

"Ilé ẹyẹlé ni, Bàbá!" Mo pariwo rẹ̀ sí etí ọ̀tún.

Wọ́n yí àpótí náà wò. Wọ́n ki àtàǹpàkò bọ inú ihò róbótó tí mo gbẹ́, àtàǹpàkò náà sì dí i pa. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu wọn. "Ẹyẹlé wo? Ṣé èyí tó wà nínú fóònù rẹ ni, àbí èyí tó wà lórí páànù wa? Ológoṣẹ́ gan-an á há síbí." Ojú tì mí, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ gbé àpótí náà sílẹ̀ ni àtẹ́lẹwọ́ wọn kan òrùlé rẹ̀. Wọ́n fi ọwọ́ nù ún lọ, wọ́n nù ún bọ̀. Wọ́n gbé e súnmọ́ imú, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀rín náà ti lọ.

"Níbo lo ti rí igi yìí?"

Mo nawọ́ sí yàrá ìdáná. Wọ́n dìde, wọ́n lọ síbẹ̀, wọ́n gbójú sókè wo àjà, níbi tí ẹní náà gbé rọ̀ sílẹ̀ ní òfìfo. Wọ́n padà wá jókòó, wọ́n rọra jókòó ni.

"Méje ni wọ́n. Mélòó ló kù?"

"Kò sí, Bàbá. Mo ti gé gbogbo wọn."

"Pákó tí wọ́n máa fi bò mí nìyẹn," ni wọ́n wí.

N kò kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, ìyá mi kó mi lọ sí Mowe, ṣọ́ọ̀ṣì ni mo sì dàgbà sí. Pósí ni mo mọ̀ mọ́ òkú. Bàbá ló fọwọ́ júwe fún mi nílẹ̀ẹ́lẹ̀, pẹ̀lú ìka, bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ sàárè Mùsùlùmí: ihò ńlá lókè, ihò tóóró mìíràn nínú rẹ̀ nísàlẹ̀, òkú nínú aṣọ funfun, kí wọ́n wá to pákó dábùú ihò tóóró náà kí iyẹ̀pẹ̀ má bàa kan òkú. Ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi wà ní sọ́ọ̀mìlì, bí ẹnikẹ́ni bá kú ládùúgbò, àwọn ni wọ́n máa ń rán sí. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Sàráà ni wọ́n fi ń ṣe. Lọ́jọ́ kan báyìí, òjò ńlá kan rọ̀, ọ̀rẹ́ wọn kan kú, kò sí pákó nílẹ̀. Òkú wà níta láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sáré kiri nínú ẹrọ̀fọ̀. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti la tiwọn sọ́tọ̀, pé ọjọ́ tí ó bá kàn wọ́n, ẹnikẹ́ni kò ní sáré kiri nítorí wọn. Ọdún kọkànlá rèé tí pákó náà ti wà lórí àjà. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Èmi ọmọ ilé nìkan ni kò mọ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú iyẹ̀pẹ̀. Mo sunkún, n kò fi bò. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi, kí wọ́n tilẹ̀ fi ìdí ayùn gbá mi léjìká. Wọ́n kàn ní kí n dìde, kí n lọ kó gbogbo àjákù abẹ́ máńgòrò wá, kí n sì mú òòlù dání. "Pákó tí a ti gé, a ti gé e nìyẹn," ni wọ́n sọ. "Jẹ́ kó kúkú wúlò fún nǹkan ẹlẹ́mìí."

Ọjọ́ mẹ́ta ni àwa méjèèjì fi tún ilé náà kàn, mi ò sì gbàgbé ọjọ́ kankan nínú wọn. Bàbá fi orí òòlù yọ ìṣó mi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n na èyí tó wọ́ lórí òkúta, nítorí ìṣó kò sí níta láti rà. Wọ́n ṣí iwájú àpótí náà sílẹ̀, wọ́n ní ẹyẹlé kì í gbé inú ẹ̀wọ̀n, ó fẹ́ rí ojú ọ̀nà bó ṣe jókòó. Wọ́n kọ́ mi láti fi ìka wọn fífẹ̀ ẹnu ọ̀nà: ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì fún ẹyẹlé kan, kí akọ àti abo má bàa jà. Wọ́n kọ́ mi pé wọn kì í ti ayùn, pé èèyàn á fà á ni, á sì jẹ́ kí ó fúnra rẹ̀ jẹ igi. Àwọn àjákù tí mo rò pé ó ti bàjẹ́, wọ́n tò wọ́n pọ̀ di ilẹ̀ ilé àti àtẹ tí ẹyẹ á bà lé. A ri òpó méjì mọ́lẹ̀, a fi agolo tí a là yí i ká kí eku má bàa gùn ún, a fi páànù àtijọ́ bo orí rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é, mò ń pariwo ìbéèrè, wọ́n ń fi ohùn jẹ́jẹ́ dáhùn, ìyá onísọ̀ tó wà níwájú ilé sì ń rẹ́rìn-ín pé à ń jà. Wọn kò mẹ́nu ba pákó yẹn mọ́ ní gbogbo ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àmọ́ mo rí i pé bí wọ́n bá fẹ́ kan ìṣó, wọ́n á kọ́kọ́ fọwọ́ pa ojú igi náà lẹ́ẹ̀kan.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni àwọn ẹyẹlé fi wo ilé náà lóòkán, tí wọn kò wọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ kẹwàá, èyí tó ní àwọ̀ eérú wọlé, ó yí po lẹ́ẹ̀mejì, ó jáde. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì ti wà nínú rẹ̀. Kí ọ̀nà tó ṣí, wọ́n ti yé ẹyin méjì. Bàbá pè mí síta láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹyin náà pa. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi léjìká, èyí tí wọn kì í sábà ṣe. "Ilé yìí dára," ni wọ́n wí. "Ó wá ku tèmi. Tí sọ́ọ̀mìlì bá ṣí, wá pákó mi wá. Méje. Ìrókò ni kó jẹ́, má mú èyí tó ní kókó. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o gbé e wá, kí n rí i."

Mo ní, "Ẹ ó rí i, Bàbá." Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ìdí òpó ilé ẹyẹlé yẹn gan-an la dúró sí.

Lẹ́yìn tí ọ̀nà ṣí, mo rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan ní Ibafo tí wọ́n ti ń ṣe ike, mo padà sọ́dọ̀ ìyá mi ní Mowe. Ìyá onísọ̀ iwájú ilé ló ń bá wa di fóònù mú. Mo máa ń sọ̀rọ̀ fún wọn, wọ́n á pariwo rẹ̀ sí etí Bàbá. Lẹ́yìn tí a bá ti kí ara wa, tí a ti béèrè ẹyẹlé, mo máa ń gbọ́ ohùn Bàbá lókèèrè: "Ẹ bi í, pákó mi ńkọ́?" Èmi á ní ó ń bọ̀. Oṣù kìíní, mi ò tíì gba owó oṣù. Oṣù kejì, mi ò ráyè. Ní oṣù kẹrin, mo rà á. Mo lọ sọ́dọ̀ àwọn onípákó ní Mowe lọ́jọ́ Sátidé, mo ṣa ìrókò méje tí kò ní kókó, mo ní kí wọ́n fá ojú rẹ̀ dáadáa. Inú mi dùn, mo gbé e délé lórí ọ̀kadà.

Ẹnu géètì ni ìyá mi ti pàdé mi. Wọ́n bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe, mo sì sọ fún wọn.

"Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Wọ́n ká ọwọ́ mọ́rí. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orí ẹ pé ṣá? O fẹ́ fọwọ́ ara ẹ gbé pákó òkú lọ bá alààyè?"

"Mọ́mì, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ní kí n gbé e wá."

"Àgbàlagbà lè sọ bẹ́ẹ̀. Tí o bá gbé e débẹ̀ lónìí, tí nǹkan ṣẹlẹ̀ sí bàbá lọ́la ńkọ́? Kí ni àwọn ẹbí bàbá ẹ máa wí? Wọ́n á ní ọmọ tí mo bí ló lọ fi ikú pè wọ́n. Mi ò ní gbọ́ ọ o. Kò ní tẹnu wọn jáde sí mi."

Ẹni tó bá mọ bí àwọn ẹbí náà ṣe fi opó ṣíṣe jẹ ìyá mi níyà nígbà tí bàbá mi kú kò ní dá wọn lẹ́bi. Mo gbé pákó náà sẹ́yìn ilé, mo tò ó sábẹ́ táńkì omi, mo da ọ̀rá bò ó. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi sọ pé ìyá mi ni kò jẹ́ kí n gbé e lọ. Irọ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, mo ní owó ọkọ̀, wọn kò sì dè mí mọ́lẹ̀. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ni ọkàn mi balẹ̀, nítorí èmi náà ti ń bẹ̀rù láti ibi tí mo ti ń ná an. Mo rò pé níwọ̀n ìgbà tí pákó náà bá wà ní Mowe, Bàbá kò lè kú ní Ifọ. Èmi tí mo kàwé ni mo ń ronú bẹ́ẹ̀. Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé kò lè rí i lórí ìdúró: Bàbá ti wo ikú lójú tán, wọ́n fẹ́ palẹ̀ mọ́ dè é, èmi tí n kò sún mọ́ ọn ni mo ń sá.

Mo lọ kí wọn nígbà ìsinmi Kérésì. Mo gbé ìrẹsì lọ, mo gbé òróró lọ, mo ra ọkà bàbà fún àwọn ẹyẹlé, tí wọ́n ti di mẹ́fà. Bàbá jókòó síwájú ilé, wọ́n ti rù. Wọ́n rí mi lókèèrè, mo rí i bí ojú wọn ṣe kọ́kọ́ lọ sí orí mi, tí ó wá bọ́ sí èjìká mi, kí ó tó dé ọwọ́ mi. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n súre fún mi. A jẹun, a wo ẹyẹlé, mo pariwo gbogbo ìròyìn iṣẹ́ sí wọn létí. Mo ti pèsè irọ́ tí n ó pa bí wọ́n bá béèrè pákó. Wọn kò béèrè. Nígbà tí mo fẹ́ lọ, wọ́n sìn mí dé ojú títì, wọ́n kí ìyá mi, wọ́n ní kí n máa rọra. Láti ìgbà tí a ti jọ kan ilé ẹyẹlé, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọn kò bi mí pé pákó àwọn ńkọ́. Inú ọkọ̀ ni mo ti mọ̀ pé ó dùn wọ́n. Mo fi ọwọ́ bojú títí a fi dé Àgbàdo.

Kò pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, bí èmi àti ìyá mi ṣe ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá onísọ̀ pè mí. "Ọmọ mi, Bàbá ò jí fún àsùbáà o. Máa bọ̀. Má fi ọ̀nà ṣeré."

Ìyá mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú gèlè lọ́wọ́. Mo lọ sẹ́yìn ilé, mo ká ọ̀rá kúrò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn di pákó. Ìyá mi wá dúró lẹ́yìn mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n bá mi di ìkangun kejì mú kí n lè so ó le.

Ọkọ̀ mẹ́ta ni mo gbọ́dọ̀ wọ̀. Awakọ̀ kìíní ní pákó á ha èrò òun lára. Ìkejì ní kí n lọ wá ọkọ̀ akẹ́rù. Mo dúró lójú títì, oòrùn ń yọ sókè, gbogbo ìṣẹ́jú tó ń lọ ń gún mi nítorí mo mọ̀ pé Mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́. Ìgbà tí ẹ̀kẹta bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi pákó ṣe, mo dáhùn pé bàbá mi àgbà ni wọ́n fẹ́ fi sin. Ọkùnrin náà pa ọkọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fúnra rẹ̀ so ó mọ́ orí ọkọ̀. Bó ṣe rí ní ọkọ̀ kejì àti ìkẹta náà nìyẹn, mo ń bẹ̀bẹ̀, wọ́n ń kọ̀, títí ẹnìkan fi gbà. Nígbà tí mo sọ̀ ní Ifọ, wọ́n ti kírun Àílà tán. Mo gbé pákó méjèèje lé orí, mo ń sáré, kò sí òṣùká, igi ń họ mí lórí.

Mo pàdé wọn níwájú ilé. Wọ́n ń bọ̀ láti ojú oórì, ṣọ́bìrì wà léjìká àwọn kan, iyẹ̀pẹ̀ pupa wà ní ẹsẹ̀ ṣòkòtò gbogbo wọn. Àáfà àdúgbò ló ṣíwájú. Wọ́n rí mi, wọ́n rí ohun tó wà lórí mi, gbogbo wọn dúró. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé ìgbà tí ó tó àkókò, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin gun orí àjà lọ gbé pákó Bàbá, bí gbogbo àdúgbò ṣe mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ẹní òfìfo ló bá. Ọjọ́ Àìkú ni, sọ́ọ̀mìlì tì. Ìyá onísọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ dìde. Wọ́n ní kí wọ́n wá tú ìlẹ̀kùn ìsọ̀ àwọn. Ẹlòmíràn gbé pákó bẹ́ńṣì mọ́ṣáláṣí wá, òmíràn tú pákó abẹ́ ibùsùn rẹ̀. Àwọn ni wọ́n fi bo Bàbá. Ọkùnrin tó pèsè sílẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá kí ẹnikẹ́ni má bàa sáré kiri nítorí rẹ̀, wọ́n sáré kiri nítorí rẹ̀.

"Ó ti tó, ọmọ mi," ni Àáfà wí. Àwọn ni wọ́n bá mi sọ ọ́ kalẹ̀. "Ilẹ̀ ti gbà wọ́n. Gbé e lọ sórí àjà. Ẹlòmíràn á nílò rẹ̀."

Mo gbé e lọ sórí àjà. Mo fi ẹní náà ká a, mo dì í níbi mẹ́ta. Ìgbà tó yá, mo lọ bá ìyá onísọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n ṣe ìlẹ̀kùn tuntun fún wọn, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní, "Pákó Bàbá ló wà lórí ọkọ mi. Má fi ìyẹn bá mi sọ̀rọ̀." Kò pẹ́ tí wọ́n fi kó pákó méje yẹn lọ sin ọmọ ilé kejì. Mo ra òmíràn dípò. Láti ìgbà náà, mi ò jẹ́ kí orí àjà ṣófo rí. Bí ẹnìkan bá kú ládùúgbò, èmi ni wọ́n ń pè ní Mowe, èmi á sì sọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ìyá mi gan-an ti bá mi san owó pákó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn èèyàn ń kí mi. Wọ́n ní mo jọ bàbá mi àgbà, pé iná kú feérú bojú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú fọmọ rẹ̀ rọ́pò. Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo máa ń wolẹ̀, nítorí kò sí bí mo ṣe lè ṣàlàyé ara mi fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bíbò kọ́ ni mo jẹ̀bi rẹ̀. Bíbò, wọ́n bò wọ́n, àwọn tó bò wọ́n sì fẹ́ràn wọn. Pákó ìsọ̀ kò kéré sí ìrókò lọ́dọ̀ ẹni tó ti sùn. Ohun kan ṣoṣo tí Bàbá bẹ̀ mí ni pé kí n gbé e wá kí àwọn rí i, nígbà tí ojú àwọn ṣì ń ríran. Oṣù mẹ́rin ni pákó náà fi wà lábẹ́ táńkì omi ní Mowe, tí mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lójoojúmọ́, tí mo ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ pọn omi.